Wọ́n Ń Bèèrè Àdírẹ́sì Ọmọ Mi

Àbígbẹ̀yìn mi, àwọn èèyàn kì í pe orúkọ tí mo sọ ọ́. Másọọ́nù ni wọ́n ń pè é, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ fà á. Iṣẹ́ bàtà títúnṣe ló ń ṣe, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé bàtà tó yanu wá, tó ń wí pé, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ààtàn ni eléyìí ń lọ báyìí?" ohun tí yóò kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Má sọ ọ́ nù." Ó wí i, ó wí i, ó di orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn, ó di orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tó tún gbé ṣọ́ọ̀bù lọ sórí Fesibúùkù, orúkọ náà bá a débẹ̀. Ọmọ mi ni Másọọ́nù, ṣọ́ọ̀bù ni Másọọ́nù, ti orí fóònù náà ni Másọọ́nù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti hù jáde.

Kó tó gbé e lọ sórí fóònù, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láyé bàbá rẹ̀, bàtà kan náà ni èèyàn ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, tí àbúrò rẹ̀ yóò sì tún gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Mo rántí ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Bàtà dúdú kan ló ní, ọkọ mi sì ń tún un ṣe láti ìgbà tí mo lóyún àkọ́bí títí ọmọ náà fi gbọ́njú. Ọkọ mi a máa wí pé nínú bàtà yẹn, ihò tí ẹsẹ̀ ń gbà wọlé nìkan ló kù tí òun kò tíì pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bàtà pọ́ọ́kú ti wá kún ìgboro. Ó já lónìí, wọ́n jù ú, wọ́n ra òmíràn lọ́la. Ọmọ mi á jókòó láti àárọ̀, á máa lé eṣinṣin.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a níwájú fóònù, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni yàrá wa wà, ilẹ̀kùn kan ló là á láàárín. Mo ń fọ abọ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ròyìn, mo ní oníbàárà ti dé nìyẹn, mo bá yọjú kí n kí onítọ̀hún. Kò sí ẹnì kankan. Òun nìkan ló na bàtà obìnrin kan sókè, tó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù tó gbé ti agolo gọ́ọ̀mù.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Màmá, gbogbo ayé ni."

"Gbogbo ayé wo? Èmi nìkan ni mo dúró síbí."

"Ẹ kí wọn, Màmá. Wọ́n ń wò yín."

Mo wo ara mi. Aṣọ ìfọbọ́ ló wà lára mi, omi ti rin ín dé orókún. "Ìwọ ọmọ yìí! Báyìí lo ṣe gbé ìyá rẹ han gbogbo ayé? Wọn ò ní sọ pé mo bí ọ lásán?"

Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó níwájú rẹ̀, tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará orí fóònù ti mọ̀ mí sí Ìyá Másọọ́nù. Bí mo bá pẹ́ kí n tó yọjú, wọn á bèèrè mi.

Ìyàwó yìí, akọ̀wé ló ń ṣe níbi iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀. Bàtà ló gbé wá tún ṣe, ló bá jókòó. Ọmọ mi a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé òun kò tíì tún bàtà náà ṣe tán di bí a ti ń wí yìí, pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ń fi í falẹ̀ ni, kó má baà lọ. Ọmọ mi ló kọ́ ọ níṣẹ́ bàtà. Ojú kọ ojú ni wọ́n máa ń jókòó, tábìlì kan láàárín wọn, wọn á jọ máa rán. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, ó ti ń lọ sílé ìwé.

Mo bi ọmọ mi nígbà kan pé kí ni búlọ́ọ̀gù tó tún ń fi dá ara rẹ̀ láàmú, nígbà tó jẹ́ pé Fesibúùkù ti wà. Mo ń rí i tó ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Ó ní, "Màmá, ẹ wò ó báyìí. Fesibúùkù ni ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ń ké sí ẹni tó ń kọjá. Búlọ́ọ̀gù ni inú ilé. Ẹni tó bá gbọ́ igbe mi tó yà wọlé, ibẹ̀ ló máa jókòó sí, ká lè jọ sọ̀rọ̀." Ó yé mi. Èmi náà ti tajà rí, mo mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó ló ń rajà. Ẹni tó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́nà.

Lórí búlọ́ọ̀gù yìí, á kọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ bàtà tí òjò pa láìsá a sóòrùn. Á kọ ìdí tí bàtà ẹlòmíràn fi máa ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló kún ibẹ̀. Lọ́sàn-án, bí ọwọ́ bá dilẹ̀, á wá jókòó tì mí. "Màmá, kí ni Bàbá máa ń wí bí awọ bá gan?" Màá sọ fún un, a ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí ọkọ mi kò lè sọ̀rọ̀ bàtà kó má bú ẹni tó ni ín mọ́ ọn. Tó bá kọ ọ́ tán, á já gbólóhùn kan níbẹ̀, á gbé e sórí Fesibúùkù pẹ̀lú àwòrán bàtà, á ní, "Ìyókù wà nínú ilé, ẹ wọlé." Wọ́n sì ń wọlé lóòótọ́. Bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà jíjìn wá, wọn á dì í sínú páálí, wọn á fi ránṣẹ́. Pẹpẹ tí bàbá rẹ̀ kàn kún dé òkè. Mo dúpẹ́. Mo ní iṣẹ́ baba ọmọ mi kò níí parun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ní àyà ń fún òun. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun bu omi. Kí obìnrin náà tó ti ẹ̀yìn dé, ó ti gbé orí lé tábìlì, bàtà ọlọ́bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ọkàn ọmọ tí mo bí? Èyí tó wà láyà mi tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ látọjọ́ aláyé ti dáyé, ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kó kọ́kọ́ rẹ̀?" Dókítà ń wo ilẹ̀. Ọmọdé ni òun náà.

A sin ín. Ẹbí wá, ará àdúgbò wá. Lẹ́yìn náà kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, mo ń wá ẹsẹ̀ bàtà mi kejì, ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ rere!" Bó ṣe máa ń kí wọn nìyẹn. Mo sáré. Ẹni tó bá rí mi kò ní gbà pé orókún ń dùn mí. Ìyàwó nìkan ni mo bá, ó di fóònù mú. Fídíò tí ọkọ rẹ̀ ti ṣe sílẹ̀ ni, ó ń gbé e síta.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ má bínú, Màmá. N kò mọ̀ pé ẹ ti jí."

"Mo ní kí lò ń ṣe?"

"Wọ́n ń bèèrè ọmọ yín. Wọ́n ní ó pẹ́ tí àwọn ti gbúròó rẹ̀. Mo bá... mo bá dá wọn lóhùn."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní mo wà pa. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀."

"Ta ló wà pa?"

Ó yí fóònù dé sórí tábìlì. Ohùn ọmọ mi ṣì ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi àkísà tútù nu awọ.

Ó ní, "Màmá, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé bàtà wá fún. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ yẹn kò sí mọ́, wọn á kó ẹrù wọn. Kí la fẹ́ máa jẹ? Kí la fẹ́ fi rán ọmọ lọ sílé ìwé? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúró dáadáa."

Kí ni mo fẹ́ wí? Òótọ́ ló sọ. Òun ló ń rán bàtà, òun ló ń lu ìṣó, òun ló ń dì í padà sínú páálí, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló sì ń kọ sí i. Kò sí ẹni tó dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ohùn náà. Mo ń gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ ọ nídìí omi. Ọmọdébìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé lọ sílé ìwé, ibi tí ẹrẹ̀ wà, kó má baà gba ṣọ́ọ̀bù kọjá. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Màmá àgbà, bàbá mi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sì ń wò mí."

Ọjọ́ yẹn ni mo pe ìyàwó jókòó. Mo ní, "Ìyàwó mi, jẹ́ kó lọ. Ẹni tí a kò bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ti lọ, wọn kò lè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Èmi fẹ́ kí wọ́n sunkún ọmọ mi. Gbogbo àwọn tó kí mi tí mo wọ aṣọ ìfọbọ́ yẹn, mo fẹ́ kí wọ́n sunkún rẹ̀."

Ó ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n kọ. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ó kú?"

Mo di etí. "Àgbẹdọ̀! Ṣé adìẹ ni? Ta ni wọ́n ń la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí? Kọ ọ́ pé ó papò dà."

"Màmá, ṣé á yé wọn báyìí?"

"Ta ni kò ní yé? Ṣé kì í ṣe èdè tí ìyá wọn bí wọn sí ni?"

Ó wá fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó máa fi sí i. Èyí tó bá mú, kò lè wò ó pẹ́. Níkẹyìn, ó jáde síta, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú orúkọ tó wà lókè rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà gàdàgbà, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ lórí fóònù: MASOONU TI PAPO DA. E FI ADURA RAN WA LOWO.

Mo wẹ̀. Mo wọ aṣọ tó mọ́. Mo wá jókòó tì í bí ẹni tó ń retí àlejò. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kín-ín, kín-ín. Mo ní, "Àwọn ọlọ́fọ̀ ti dé. Kà á fún mi."

Ó wò ó.

"Mo ní kà á."

"'Ẹ kú oríire o, Másọọ́nù! Ọlọ́run á jẹ́ kí ibẹ̀ tù yín lára.'"

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. "Kí ló wí?"

"'Ó ti yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ há jù.' Màmá, ẹ jẹ́ n dákẹ́."

"Máa kà á."

"'Ṣé ibẹ̀ láyè tí èèyàn lè gbé ọkọ̀ sí?' 'Ìlọsíwájú la ń fẹ́! Ẹ tètè fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, èmi ni mo máa kọ́kọ́ wá bá yín níbẹ̀.'"

Mo pariwo. "Sọ fún un kó má dé ibẹ̀ o! Ọmọ ọlọ́mọ! Sọ fún un kó jókòó sílé rẹ̀!"

Ìyàwó wò mí, mo wò ó, n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín nínú wa. A rẹ́rìn-ín títí a fi di tábìlì mú. Nígbà tó tán nínú wa, ojú tì wá, a kò lè wo ara wa mọ́.

Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà yé, ẹni tó jọ pé ó ti dàgbà díẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Háà! Ìgbà wo? Kí ló ṣe é?" Kíá ni wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ rọra o, ṣọ́ọ̀bù ló kó!" "Bàbá yìí fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lọ́sàn-án gangan." "Bàbá, ẹ wọ awò yín, ẹ wo fọ́tò." Bàbá náà sì tọrọ àforíjì. Ó ní ojú ló ń ṣe òun, kí wọ́n má bínú, kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn ta Másọọ́nù lọ́rẹ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ, ti bàbá yìí ló wọ̀ mí lára jù.

Mo ti rò ó láti ìgbà náà. Láyé tiwa, ẹni tó bá mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá, á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́ kó tó wọlé. Á ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ á ti sọ ọ́ fún ọ kí ẹnu rẹ̀ tó là, ìwọ náà á sì ti wá ibi jókòó sí. Ọ̀rọ̀ papòdà kì í dá rìn. Ojú àti ìdúró ni wọ́n ń gbé e wọlé. Fóònù kò lójú tó lè fi rò ó. Ilẹ̀kùn tí a tì ni wọ́n rí, pẹ̀lú orúkọ tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ló pa ipò dà lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó ṣì í kà.

Ìyàwó ní, "Màmá, bóyá ká jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. A ti sọ ọ́. Ohun tí ẹ ní kí n kọ ni mo kọ. A kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó rẹ̀ mí ni. Bàtà ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí oríire ni gbogbo wọn rò pé ó dé bá wa, ẹnu ọ̀nà olóríire ni ẹsẹ̀ sì ń ya sí. Ìyàwó gbé ìkéde náà kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Àdírẹ́sì, àdírẹ́sì, òun ni wọ́n ń bèèrè ṣáá. Ó ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n ṣì máa fi í ránṣẹ́ sí ti àtijọ́ ná.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Nọ́ọ̀sì fi dé. Oníbàárà ọjọ́ pípẹ́ ni, obìnrin títóbi, ẹlẹ́rìn-ín. Ọmọ mi a máa bá a ṣàwàdà pé bàtà rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni, pé bí òun bá ri òpó kan mọ́ inú rẹ̀, á gbé èèyàn sọdá. Ó wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àpò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Mo ti rin gbogbo àdúgbò yìí ká. Mo bi oníbúrẹ́dì pé ibo ni Másọọ́nù kó lọ, ó ń wò mí bí ẹni tó rí iwin. Mo bi ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ó ní kí n wá bi yín. Ẹ ò wá kó ni? Àbí òun nìkan ló kó, ó wá fi ìyàwó sílẹ̀ kó máa ṣọ́ eku?"

Ìyàwó ní, "Ẹ káàbọ̀, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jókòó."

"N kò jókòó. Ẹ júwe ibẹ̀ fún mi, n ó lọ bá a níbẹ̀. Ó ní bàtà mi jọ ọkọ̀ ojú omi, àbí? Mo ti ra òmíràn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo gbé e wá kí ojú rẹ̀ lè fọ́." Ló bá rí mi. "Áà, Màmá, ẹ wà ńbí! Ẹ kú ilé o. Ọmọ yín ti di ẹni ńlá, kò sọ ibi tó ń gbé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bí i, ẹ fún mi ní àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyàwó ń wò mí. Ètè rẹ̀ ń mì, kò gbé ohùn jáde, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ: Màmá, ẹ jọ̀ọ́.

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi ń bo nǹkan yìí láṣọ ló kọjá lọ́kàn mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí mo bá ní ó ń sinmi, á ní ó tọ́ sí i, ìgbà wo ló máa wọṣẹ́? Bí mo bá ní ó ti lọ, á ní mo mọ̀, ibo ló lọ? Bí mo bá ní ó sùn, á ní kí a jí i. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ilẹ̀kùn tí ọmọ mi lè gbà wọlé padà. Mo rí i nígbà náà pé ìdí tí èmi alára fi fẹ́ràn wọn nìyẹn.

"Ó kú," ni mo wí. "Ọmọ mi kú."

Ẹ̀rín kò tíì kúrò lójú Nọ́ọ̀sì. "Ta ló kú?"

"Másọọ́nù. Ó kú. A ti sin ín."

Obìnrin tó ń rí òkú lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ yìí, ó wò yíká bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa já mi nírọ́. Ó jókòó. Ó gbé àpò bàtà náà lé itan. "Ṣùgbọ́n ó kí mi níjẹta," ló wí. "Mo bèèrè àlàáfíà rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun wà pa. Ó ní kí n mú àwọn ọkọ̀ mi wá."

Ìyàwó ní, "Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo kí yín, Nọ́ọ̀sì. Ẹ dárí jì mí. Mo mọ àwàdà tó máa ń bá yín ṣe, mo bá a ṣe é."

Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó na ọwọ́, ó fi gbá orí ìyàwó mú, ó kàn gbé orí náà dání bẹ́ẹ̀ bí ẹni gbé abọ́ omi, ó ń wí pé, "Ọmọ yìí. Ọmọ yìí. Ìwọ nìkan?" Ó fi bàtà náà sílẹ̀. Ó ní kò kánjú.

Nígbà tó lọ, ìyàwó gbé fóònù ti agolo gọ́ọ̀mù. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ ọ́ fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún un." Mo jókòó síbi tí ọmọ mi máa ń jókòó. N kò mọ ibi tí wọ́n ń wò. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, Ìyá Másọọ́nù ni. Ṣọ́ọ̀bù kò lọ sí ibì kankan. Ọmọ mi ló kú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe bàtà yín láti ìgbà náà, òun ló ń dá yín lóhùn. Ẹ má bú u. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi sunkún ọmọ mi." Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ. Ìyàwó fúnra rẹ̀ wá kọ èyí tó gùn sínú búlọ́ọ̀gù, bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbé orí lé tábìlì, ohun tí wọ́n jọ ń sọ kó tó ní òun fẹ́ mu omi. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n sunkún rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, nítorí àwọn mìíràn kò kọ ọ́, ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ọkùnrin, obìnrin, wọ́n ń sunkún sínú fóònù. Àwọn tó ní ẹ kú oríire padà wá bẹ̀bẹ̀. Bàbá tó tọrọ àforíjì yẹn kò kọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìyàwó bẹ̀rù náà dé, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn ẹkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó bàtà wọn. Wọ́n ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè ẹ̀. Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn ní kí a bá àwọn dì í padà. Díẹ̀ dúró, Nọ́ọ̀sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n pẹpẹ ṣófo débi tí a fi ń rí pákó ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọkùnrin kan wá ní ọ̀sán, ó wọṣọ dáadáa, tíṣà ni. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan ló wá gbà, a kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyàwó. Kì í ṣe pé n kò gbà yín gbọ́ o. Ọwọ́ ọkọ yín ni mo mọ̀. Èyí tó ṣe fún mi gbẹ̀yìn yẹn, mo kọ ọ́ fún un pé kò sí irú rẹ̀ nílùú yìí." Ìyàwó ni ó ṣe èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ṣe é, ọkọ rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Mo fẹ́ la ẹnu, ó fi ojú sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ sọ ọ́. Ó nu eruku ara bàtà náà. Ó wá ọ̀rá, ó fi bàtà sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọkọ mi fẹ́ràn yín."

Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, ó jókòó. Ó ní, "Màmá, ó ti kú." Bí ẹni pé èmi ni kò mọ̀. "Màmá, ọkọ mi ti kú." Ẹkún bá gbé e. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ mi, n kò rí i kó sunkún rí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti fi í sínú pé ọkàn rẹ̀ le. Ẹni tó ń fi ẹnu òkú wí láràárọ̀ pé òun wà pa, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè sunkún rẹ̀? Ó sunkún bí ọmọdé, imú àti ojú, tábìlì ń mì.

N kò ní kó dákẹ́. N kò dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Mo fa àga mi súnmọ́ ọn, mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Àwọn tó ń kọjá ń bojú wọlé, wọ́n ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́," olúkúlùkù wọn ló sì mọ ohun tó ń kí wa fún.